Owó tá a dá fún ìlú, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ owó tá à ń dá ránṣẹ́ sílé yìí ń jẹ mí lọ́kàn. A máa ń dáwó, a ó já ríbọ́ọ̀nù, a ó ya fọ́tò, ó tán. Kànga dẹ̀rọ kan wà lábúlé kan n'Íjùmú tá a jọ dáwó ṣe, ìgbà tí mo délé Kérésì koríko ti bo ìdí ẹ̀, wọ́ṣà kékeré kan péré nínú ẹ̀rọ ẹ̀ ló bàjẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á, àwọn ọmọ ti padà sódò. Ó dùn mí wọra.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó dá kọ́bọ̀, ẹ ní kẹ́nì kan lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń pọnmi láti aago mẹ́fà àárọ̀. Kó wo aago bí ọmọ kan bá gbé kẹ́ẹ̀gì jáde nílé, kó tún wò ó tó bá padà dé, àtirìn àtitò àtipọn, gbogbo ẹ̀. Tó bá ti ju 30 ìṣẹ́jú lọ, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ àwọn ọmọdé, ò kà á mọ́ omi tó sún mọ́ èèyàn tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo rẹ́jísítà iléèwé náà, ọmọ mélòó ló ń pa ìwé jẹ?

Lẹ́yìn ọdún kan ẹ padà lọ kà á, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn sí ẹ̀ẹ̀rùn o! Ẹni tó wọn ti àkọ́kọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wá wọn èkejì nígbà òjò, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Ẹ ka ti abúlé kejì tí ò tíì kàn pẹ̀lú, torí ó lè jẹ́ nǹkan míì ló tún ayé wọn ṣe. Bí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Michael Kremer àti Edward Miguel, ṣe ṣe é ní Busia, Kẹ́ńyà nìyẹn, iléèwé 75, wọ́n ò fún gbogbo wọn lóògùn aràn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998, àwọn yòókù dúró. Wọ́n rí i pé ìpàwéjẹ dínkù tó ìdá kan nínú mẹ́rin láwọn iléèwé tó ti gba oògùn.

Ẹ yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ́ èèyàn méjì lábúlé níṣẹ́ ẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, torí àwọn obìnrin ló sábà máa ń pọnmi.

Kẹ́ ẹ sì bi àwọn ìyá léèrè. Ìgbà tá a tún kànga yẹn ṣe tán, màmá kan ní òun ti ń yan gàrí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ni tẹ́lẹ̀. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé.