Pàǹtí tó ní ìtànṣán àti kẹ́míkà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó yẹ ká yẹra fún

Ẹ̀rù ìtànṣán ti wọ àwọn èèyàn lára débi pé bí wọ́n bá ti rí àmì rẹ̀ lára ike tàbí dúrọ́ọ̀mù, wọn kì í ronú kan nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n á dé e pa, wọ́n á gbé e síbi tọ́wọ́ ò ti ní tó o, ó tán. Ẹ jọ̀wọ́, kò tíì tán. Pàǹtí alápòpọ̀ ni èyí tí ohun onítànṣán àti kẹ́míkà olóró jọ wà nínú rẹ̀. Nínú jàǹbá ńlá méjì tí mo fẹ́ mẹ́nu bà, kẹ́míkà ló ṣílẹ̀kùn fún ìtànṣán.

Ẹ má fi ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń fa omi gbẹ pàǹtí olómi

Lẹ́bàá ìlú Carlsbad, ní ìpínlẹ̀ New Mexico l'Amẹ́ríkà, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní WIPP. Abẹ́ ilẹ̀ oníyọ̀, ní nǹkan bíi mítà 655 sísàlẹ̀, ni wọ́n ń kó pàǹtí ilé iṣẹ́ bọ́ǹbù sí. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2014, dúrọ́ọ̀mù kan bẹ́ níbẹ̀. Los Alamos, ilé ìwádìí bọ́ǹbù átọ́míìkì l'Amẹ́ríkà, ló ti wá, iyọ̀ náítíréètì tó ṣẹ́kù nídìí iṣẹ́ plutonium, irin onítànṣán tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù, ló sì wà nínú rẹ̀.

Omi díẹ̀ wà lára iyọ̀ náà tí wọ́n ní láti fà gbẹ. Ohun tó bá a mu ni èyí tó ti inú ilẹ̀ wá, irú bí amọ̀. Àmọ́ ìwé ìlànà tí wọ́n tún kọ ní 2012 sọ pé kí wọ́n lo ti ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì lo irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ológbò nínú ilé, tí wọ́n fi àlìkámà ṣe. Kẹ́míkà tí wọ́n fi pa agbára ásíìdì inú rẹ̀ náà jẹ́ ohun tó lè jó. Ọdẹ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀tù ìbọn á mọ ohun tí mò ń sọ: náítíréètì lòun náà fi ń gbiná, èédú sì ni iná ń jẹ. Wọ́n ti dé dúrọ́ọ̀mù yìí láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, ó sì ń gbóná díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bẹ́. Plutonium àti americium, tóun náà jẹ́ ohun onítànṣán, tú sáfẹ́fẹ́, díẹ̀ wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní ogún, wọn ò sì tún sin pàǹtí kankan síbẹ̀ títí di oṣù Kìíní ọdún 2017.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá nǹkan lè fa omi, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Lẹ́búlẹ́bú pákó, àkísà àti ìwé ìròyìn ò gbọdọ̀ sún mọ́ náítíréètì tàbí ásíìdì náítíríìkì.

Ẹ má gbàgbé pé pàǹtí ń gbóná fúnra rẹ̀

Náítíréètì náà ló tún ṣe é ní Mayak, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe plutonium fún bọ́ǹbù, nítòsí Kyshtym ní Rọ́ṣíà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957. Ìtànṣán a máa mú ooru jáde, torí bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi omi mú kí àwọn tánkì tí wọ́n ń kó pàǹtí olómi sí tutù. Ẹ̀rọ ìtutù ọ̀kan bàjẹ́, wọn ò tún un ṣe. Omi inú pàǹtí gbẹ tán, iyọ̀ náítíréètì àti ásítéètì ń gbóná sí i, tánkì bú gbàmù, ìdérí kọnkéré tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 160 sì fò kúrò lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni ti àwọn ará abúlé: wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò nílé bàbá wọn, ẹnì kan ò sì sọ ìdí fún wọn.

Ẹ má da Jik tàbí Hypo sórí áyódìn onítànṣán

Èyí kan ilé ìwòsàn àti yàrá àyẹ̀wò tiwa gan-an. Bí áyódìn 125 tàbí 131 bá dà sílẹ̀, ọwọ́ á fẹ́ yá sí Jik. Jik, àti ásíìdì pàápàá, lè sọ áyódìn di òyì tí èèyàn á fà símú, ọrùn, níbi ẹṣẹ́ tàírọ́ìdì, ni yóò sì lọ jókòó sí. Omi sodium thiosulfate ni kí ẹ kọ́kọ́ lò.

Àwọn kan tún gbà pé iná á yanjú pàǹtí alápòpọ̀. Iná lè jó kẹ́míkà olómi bíi toluene tán, àmọ́ kò lè pa ìtànṣán. Inú eérú àti èéfín ló máa bọ́ sí. Ibi ìsunpàǹtí tó ní àṣẹ, tó sì ní asẹ́ èéfín, nìkan ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má da ti ọlọ́jọ́ kúkúrú pọ̀ mọ́ ti ọlọ́jọ́ gígùn

Agbára phosphorus-32, ohun onítànṣán kan, máa ń dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ 14 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 143, ohun tó ṣẹ́kù ò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Tí ẹ̀rọ ìwọnìtànṣán bá ti jẹ́rìí sí i, tí ìlànà NNRA, àjọ tó ń bójú tó ohun onítànṣán ní Nàìjíríà, sì fàyè gbà á, kẹ́míkà nìkan ló kù tí ẹ máa bá jà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti da carbon-14, ohun onítànṣán mìíràn, sínú ìgò kan náà, ìdúró ò ṣe nǹkan kan mọ́, torí pé ti carbon-14 tó ọdún 5,700 kó tó dín sí ìdajì. Ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ lò láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ kọ orúkọ ohun onítànṣán, ọjọ́ tí ẹ dà á síbẹ̀, àti orúkọ gbogbo kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn kọ "pàǹtí" sí i lásán.