Bí mo ṣe kọ́ ètò chess mi láti rántí

Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń ta ayò chess ni mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò, kọ. Ó mọ òfin, ó sì ń wo ìṣísẹ̀ mẹ́rin síwájú, àmọ́ kò ní ìrántí rárá. Tó bá ń ta dúdú, á fi ẹṣin jẹ pawn (ọmọ ayò tó kéré jù) tó wà ní ojú d5 lórí ọpọ́n, ẹṣin funfun á bẹ́ sí f7, ọba dúdú á bọ́ sí gbangba. Pańpẹ́ kan náà, lójoojúmọ́. Ó sú mi.

Ọ̀nà tó rọrùn ni mo kọ́kọ́ gbà. Mo ṣí fáìlì kan fún un. Bí ayò bá ti parí, á kọ gbogbo ojú ọpọ́n tó pàdé nínú ìṣísẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ta àti èsì: 1 tó bá borí, 0.5 tó bá jẹ́ ọ̀mì, 0 tí wọ́n bá nà án. Tó bá tún pàdé irú ojú ọpọ́n bẹ́ẹ̀, fáìlì ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo ní kó bá ètò mìíràn ta mọ́jú.

Ilẹ̀ mọ́, ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀! Ńṣe ló ń sáré wọ pańpẹ́ yẹn bí ẹni pé ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Àṣé ojú funfun ni mo fi ka gbogbo èsì. "1-0" túmọ̀ sí pé funfun ló borí. Èmi gbé 1 yẹn fún dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Ìlà kan péré ni àtúnṣe rẹ̀, wákàtí méjì ni mo fi wá a.

Ìyọnu kejì: tó bá fi ayaba ṣòfò ní ìṣísẹ̀ kẹtàlélógójì, ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ ni yóò dá lẹ́bi, kò sì ní ta á mọ́. Deep Blue, kọ̀ǹpútà tó na Kasparov, ọ̀gá chess lágbàáyé, ní 1997, ní àkójọ 700,000 ayò àwọn ọ̀gá, iye ìgbà tí wọ́n ti ta ìṣísẹ̀ kan sì wà lára ohun tó ń wò. Mo jí ọgbọ́n yẹn: ohun tí a kò tíì ta tó ìgbà márùn-ún, fáìlì kò gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́. Ní ti ẹ̀bi, Arthur Samuel ni mo tẹ̀lé, ẹni tó kọ̀wé ní 1959 lórí ètò dráfù tó ń fi ohun tó rò tẹ́lẹ̀ wé ohun tó wá rí. Ètò mi ń ti ìparí ayò bọ̀ wá sẹ́yìn. Ibi tí máàkì tó ń fún ara rẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì, ibẹ̀ ni ẹ̀bi pọ̀ sí. Ìṣísẹ̀ tó ṣáájú gba ìdajì, èyí tó tún ṣáájú ìyẹn gba ìdajì ìdajì.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í. Ojú ọpọ́n yẹn dé. Kò jẹ pawn d5 mọ́; ẹṣin kejì ló gbé lọ sí a5, ó fi dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní c4. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Wọ́n ṣì nà án o, àmọ́ ọ̀nà tuntun ni wọ́n gbà nà án.