Ṣé ó ṣeé ṣí? Bí mo ṣe ra Pixel àlòkù tí mo sì pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀

Aró ló kó bá mi. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, orí WhatsApp sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń yan aṣọ. Fóònù tí mo ń lò nígbà náà ń pè, ó ń gbà, ṣùgbọ́n kò mọ aró í yà. Aṣọ tó dúdú dáadáa lọ́wọ́ mi á di èsè àlùkò nínú fọ́tò. Oníbàárà kan gba ẹrù rẹ̀ tán, ó ní kì í ṣe aṣọ tí òun rí nìyí. Mo dá owó rẹ̀ padà, inú ń bí mi.

Owó fóònù tuntun kò sí. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ló dárúkọ Pixel 3a. Google gbé e jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Ojú káḿẹ́rà kan ṣoṣo ló ní lẹ́yìn, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ ń dójú ti ọ̀pọ̀ fóònù olójú mẹ́ta. Àléébù rẹ̀ ni pé Google ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti 2022: Android 12 ló dúró sí, kò sì sí àtúnṣe ààbò kankan fún un mọ́. Àbúrò mi ní ìyẹn kò pa á. Ó ní LineageOS wà, Android tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń ṣe fún oríṣiríṣi fóònù, títí kan èyí tí iléeṣẹ́ wọn ti pa tì. Ìparí 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí CyanogenMod tó ṣáájú wọn kógbá sílé.

"Ẹ̀yin ẹ ṣáà ra fóònù, àǹtí mi. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi."

Mo ní rárá o, ọwọ́ mi ni mo máa fi ṣe é. Láti kékeré ni mo ti ń rẹ aṣọ láró; iṣẹ́ tó bá ti ní "ṣe èyí kó o tó ṣe tọ̀hún" kì í bà mí lẹ́rù.

Ó wá là mí lójú kí n tó kúrò nílé. Ẹni tó bá ní irú èrò yìí lọ́kàn, bootloader ni kó kọ́kọ́ béèrè, kó tó béèrè gíìgì mélòó ni. Òun ni ìlẹ̀kùn tí fóònù ń gbà jí láàárọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣí kí Android mìíràn lè wọlé, àbí wọ́n ti kàn án pa? Samsung tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kì í sábà ṣeé ṣí. Èyí tó bá sì ṣí nínú Samsung, fíúsì ààbò kan tó ń jẹ́ Knox máa jó nínú rẹ̀, kò sì ní bọ̀ sípò mọ́ láéláé. Huawei kò fúnni ní kọ́ọ̀dù ìṣílẹ̀kùn mọ́ láti 2018. Xiaomi lè ní kéèyàn lọ fi wákàtí 168 dúró ná, ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Pixel ló rọrùn jù, àyàfi èyí tí Verizon, iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan, bá tà ní Amẹ́ríkà. Ìyà ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì.

Bí mo ṣe dé Ọ̀tìgbà, ọjà fóònù n'Íkẹjà, nìyẹn, ní 2024. Ọmọkùnrin kan gbé Pixel 3a méjì síwájú mi: ọ̀kan ń dán gbinrin, èkejì ti họ lẹ́yìn.

"UK use ni àwọn méjèèjì, àǹtí. Kò sí ìyọnu rárá."

Mo wọ Settings, mo wá Build number kàn, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀meje. Bí wọ́n ṣe ń ṣí Developer options, ojú ewé tó fara sin, nìyẹn. Ọmọ yẹn wò mí. "Hà! Ẹ ò sọ pé iṣẹ́ wa náà lẹ ń ṣe." Mo wá ibi tí wọ́n kọ OEM unlocking sí, ìyẹn bọ́tìnì tó ń fúnni láyè láti ṣí ìlẹ̀kùn náà. Lórí àwọn méjèèjì, ó ṣú bí iná tí wọ́n pa, kò ṣeé tẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á gbé méjèèjì sílẹ̀, á máa lọ. Ṣùgbọ́n Pixel ní láti bá Google sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ bóyá wọ́n fún òun láyè, nítorí náà mo tan hotspot fóònù mi, mo so wọ́n mọ́ ọn, mo dúró. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ti èyí tó ti họ mọ́lẹ̀. Ti arẹwà kò yí padà, mo tún un tàn, mo tún un pa, pàbó.

"Èyí tó họ ni mo fẹ́."

"Àǹtí! Ẹ fi èyí tó mọ́ sílẹ̀, èyí tó ti họ lẹ ń mú?"

Mo jẹ́ kó rò pé mi ò lójú. Ó pè é ní ₦130,000, a jà á títí dé ₦105,000. Kí n tó sanwó, mo ṣí àwòrán funfun gbòò láti mọ̀ bóyá òjìji ohun àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ skírìnì, mo fi earphone gbọ́ orin, mo yẹ̀ ẹ́ wò pé àkáǹtì Google ẹni tó kọ́kọ́ ni í kò sí nínú rẹ̀ mọ́, mo tẹ *#06#, mo sì ní kó kọ IMEI tó jáde, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, sórí rìsíìtì.

Nígbà tí mo délé, mi ò fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Káḿẹ́rà ti mọ aró, kí ni mo tún ń wá? Ohun tó ń dá mi dúró ni báńkì. Áàpù báńkì máa ń bi Google léèrè bóyá fóònù ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹni tó bá sì ti ṣí ìlẹ̀kùn lè gbọ́ "rárá". Lọ́dọ̀ àwa tó ń tajà, áàpù yẹn kì í ṣe ohun eré, torí àlááàtì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Lódì kejì, fóònù tí kò gba àtúnṣe ààbò láti ọdún méjì ni mo fẹ́ kó owó mi sí yẹn. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Nígbà tó yá, mo ní kí fóònù àtijọ́ máa ṣe ti báńkì nílé, kí Pixel máa bá mi lọ sọ́jà. Bí olè ọjà bá tiẹ̀ jí i, kò bá kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni mo bẹ̀rẹ̀. Wáyà àkọ́kọ́ tí mo fi so ó mọ́ laptop, iná nìkan ló ń gbé, kò gbé ọ̀rọ̀. Mo tẹ "adb devices", àṣẹ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá laptop rí fóònù, títí, òfìfo ló ń fi hàn mí. Mo pààrọ̀ wáyà, ó yanjú. "fastboot flashing unlock" ló ṣí ìlẹ̀kùn, ó sì nu gbogbo ohun tó wà nínú fóònù nù pátápátá, nítorí náà ẹ ti kó ẹrù yín kúrò kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Mo gbé recovery ti LineageOS, ètò kékeré tí wọ́n fi ń gbé Android wọlé, sínú rẹ̀, mo ṣe Format data, mo wá fi "adb sideload" ti LineageOS 21 gangan, ìyẹn Android 14, sínú rẹ̀.

Nọ́ńbà ń gùn lórí laptop: 20, 35, 44. Ó dé 47%, ó dúró. Wọ́n tún wá mú iná lọ. Laptop ní bátìrì, àmọ́ òkùnkùn yẹn bá àyà mi jà. Ohun tí laptop wá kọ sílẹ̀ ni "adb: failed to read command: Success". Ó kùnà, ó sì yege, lẹ́ẹ̀kan náà! Ọwọ́ mi ti wà lórí wáyà, mo fẹ́ yọ ọ́, ni mo bá tẹ àbúrò mi láago lóru.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Kí ni ojú fóònù fúnra rẹ̀ ń sọ?"

Ojú fóònù ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Àbúrò mi ní bó ṣe máa ń ṣe nígbà mìíràn nìyẹn, 47% kì í ṣe àrùn.

Ohun tó kù ni MindTheGapps, tó gbé Play Store wá. Ó gbọ́dọ̀ wọlé kí LineageOS tó jí nígbà àkọ́kọ́. Recovery á ní òun kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ẹ dá a lóhùn pé "Yes". Kí ẹnikẹ́ni má sì ní òun fẹ́ ti ìlẹ̀kùn padà lẹ́yìn náà, fóònù lè kú síbẹ̀. Èmi fi tèmi sílẹ̀ ní ṣíṣí, gbogbo ìgbà tó bá sì ń jí ló máa ń fi ìkìlọ̀ olómi ọsàn kí mi.

Nínú áàpù báńkì méjì tí mo dán wò, ọ̀kan ṣí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, èkejì kọ̀ jálẹ̀. Èyí tó kọ̀ ni àwọn oníbàárà mi máa ń sanwó sí jù, nítorí náà bí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́, mo máa ń fi USSD wo àkáǹtì kí n tó di aṣọ fún wọn, ₦6.98 lẹ́ẹ̀kan. Ó ń dùn mí díẹ̀. Mo gba káḿẹ́rà Google padà láti Play Store, aró sì ń jáde bí aró. Bátìrì ló kù tí mo fẹ́ kí àbúrò mi bá mi wò bó bá wálé. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán ló ti máa ń tọrọ ṣájà.