Bí mo ṣe ka kóòdù lára Hilux àtijọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀

Hilux 1987 ni mọ́tò náà. Ẹ́ńjìnnì 22R tó ń lo kábúrétọ̀ ló bá wá, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyẹn dákú pátápátá, Alhaji tó ni ín lọ ra 22R-E tòkúnbọ̀ ní Ladipo, ní Mushin. 22R-E yìí ń lo injẹ́kítọ̀, ó sì ní brain box tiẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí epo rẹ̀. Àwọn tó dè é sínú mọ́tò ṣe iṣẹ́ irin ibẹ̀ dáadáa: ẹ́ńjìnnì jókòó, gíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ wáyà ni wọn ò parí.

Ẹjọ́ tí Alhaji rò fún mi ni pé mọ́tò ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń yọ èéfín dúdú, ó sì máa ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìgbà mìíràn, láàárọ̀ kùtù, kò ní fẹ́ sítáàtì. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n lọ wá brain box mìíràn, pé èyí ti jóná. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu mọ́tò ná."

Sikánà ẹlẹ́nu mẹ́rìndínlógún tí gbogbo àwa rẹ́wáyà ń gbé kiri kò wúlò fún irú ẹ́ńjìnnì yìí. Mọ́tò ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ihò yẹn ṣe dandan. 22R-E ti parí kó tó dìgbà yẹn. Iná check engine lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ló fi ń sọ nọ́ńbà àìsàn rẹ̀, èyí tí à ń pè ní kóòdù. Á máa ṣẹ́jú, ìwọ á máa kà á. Ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò kábúrétọ̀ ò ní iná check engine, torí náà ṣe ni àwọn tó ṣe ìpààrọ̀ náà ká wáyà rẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n fi téèpù wé e.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá ojú W lẹ́nu brain box, ibi tí wáyà iná check engine ń wọ̀, mo so gílóòbù kékeré kan mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ gílóòbù kejì lọ síbi tí iná ti ń wá nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Brain box ló ń fa W lọ sí áàtì (ara irin mọ́tò, ibi tí iná ń gbà padà sí bátìrì) nígbà tó bá fẹ́ kí iná náà tàn. Mo yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì mọ́tò, gílóòbù tàn rekete. Ká ní kò tàn ni, mi ò ní tíì wá kóòdù kankan. Iná tó ń wọ brain box àti áàtì rẹ̀ ni ǹ bá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó ṣe tàn yẹn, mo mọ̀ pé brain box wà láàyè.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí àpótí kékeré tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bá wáyà ẹ́ńjìnnì wá ni, a dúpẹ́ pé wọn ò gé e dànù. Mo fi wáyà kékeré so ojú ihò méjì nínú rẹ̀, TE1 àti E1, pọ̀, kí brain box lè bẹ̀rẹ̀ sí í pe kóòdù. Bátìrì gbọ́dọ̀ ju 11V lọ, gíà gbọ́dọ̀ wà ní nútírà, ẹ pa éésì, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan tòtù. Bí ẹsẹ̀ bá wà lórí tòtù, 51 lẹ máa rí, ẹ ó sì máa wá àìsàn tí kò sí.

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù ṣẹ́jú méjì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ṣẹ́jú méjì: 22. Ó sinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó ṣẹ́jú mẹ́rin, ó dákẹ́, ó ṣẹ́jú méjì: 42. Ó wá sinmi gbọọrọ kó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó kéré ló máa ń kọ́kọ́ pè. Ká ní kò sí ẹ̀sùn kankan ni, ìṣẹ́jú rẹ̀ á máa lọ déédéé láì dúró.

42 ni pé brain box ò gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń sáré tó. Ẹ̀yìn sípídómítà mọ́tò injẹ́kítọ̀ ni súwíìṣì kékeré tó ń sọ ìyẹn fún un máa ń wà. Dáṣíbọ́ọ̀dù kábúrétọ̀ ni ti Alhaji, kò ní in láti ilé iṣẹ́ wá. Ìpààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ló bí kóòdù yìí. Ohun tó bàjẹ́ kọ́, ohun tí wọn ò gbé wá ni.

22 lọ̀rọ̀ wà. Ó jẹ mọ́ sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n bá ti rí 22, sẹ́ńsọ̀ tuntun ni wọ́n ń sáré lọ rà. Kóòdù náà ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà yẹn dàrú, láti orí sẹ́ńsọ̀, gba inú wáyà, títí dé ẹnu brain box.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, mo fi mítà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tutù, ó fún mi ní bíi ọ́ọ̀mù 1,900. Ó dára: ní 20°C, ó yẹ kó wà láàárín 2,000 sí 3,000, ó sì máa ń wálẹ̀ bí omi bá ṣe ń gbóná, títí á fi kù sí 200 sí 400 ní 80°C; ojú ọjọ́ tiwa sì gbóná ju 20°C lọ. Mo dá púlọ́ọ̀gì padà, mo yọ ẹnu wáyà kúrò lára brain box, mo wọn láàárín THW àti E2, ojú méjèèjì tí wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ń wọ̀. Ó yẹ kí n rí 1,900 kan náà. Mítà kọjá 6,000, ó sì ń jó lọ jó bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ mi wáyà náà, mítà pa kíkà tì.

Ìgbà tí mo tú púlọ́ọ̀gì náà wò, ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ méjèèjì ti di aláwọ̀ ewé, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ kù bí abẹ́rẹ́. Omi ló ń kán sí i láti ara họ́ọ̀sì tí wọn ò fún kílípù rẹ̀ le.

Èyí ló túmọ̀ gbogbo ìwà mọ́tò náà. Nígbà tí ìpẹtà bá dí ọ̀nà díẹ̀, brain box á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo sí i: èéfín dúdú nìyẹn. Nígbà tó bá já pátá, á kọ 22 sílẹ̀, á sì gbà fúnra rẹ̀ pé omi wà ní 80°C, láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, tó ń fẹ́ epo sí i. Báwo ló ṣe máa fẹ́ sítáàtì?

Mo gé ẹnu wáyà náà títí dé ibi tí kọ́pà ti mọ́, mo wá púlọ́ọ̀gì tòkúnbọ̀ tó bá a mu, mo fi sóódà jó o pọ̀, mo fún kílípù họ́ọ̀sì le. Ní ẹnu brain box, mítà wá bá ti orí sẹ́ńsọ̀ mu. Mo yọ fúùsì EFI, èyí tó ń gbé iná fún brain box, kúrò fún ìgbà díẹ̀ kí brain box lè gbàgbé kóòdù àtijọ́, mo dá a padà, èmi àti Alhaji wa mọ́tò jáde títí omi fi gbóná dáadáa, a sì tún kà á. 42 nìkan ló kù.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìyẹn ò ní da mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, pé bí a bá rí sípídómítà injẹ́kítọ̀ tó bá dáṣíbọ́ọ̀dù náà mu, a ó fi sí i. Gílóòbù náà ò yọ kúrò. Mo tò ó sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí dírẹ́bà ti lè rí i. Mo sì fi máàkà kọ ọ́ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Dáṣíbọ́ọ̀dù kábúrétọ̀ ni. 42 kì í ṣe brain box."