Bí A Ṣe Ń Fi Kámẹ́rà Dome Ṣọ́ Ilé Ìtajà

Kámẹ́rà dome ni èyí tó rí roboto bí ìdajì igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé mọ́ àjà ilé, tí awò rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìdérí tó ń dán. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ju kámẹ́rà gígùn tó nà jáde lára ògiri lọ ni pé kò rọrùn fún ènìyàn láti fọwọ́ yí i kúrò níbi tó kọjú sí, àti pé bí ìdérí rẹ̀ bá dúdú díẹ̀, ẹni tó dúró nísàlẹ̀ kò ní mọ ibi tó ń wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń so kámẹ́rà mọ́ ilé ìtajà ní Ìbàdàn, ohun tó sì máa ń dùn mí jù ni kí olè wọlé, kí kámẹ́rà wà níbẹ̀, kí a má sì rí ojú ẹnì kan dá mọ̀ nínú rẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn oníṣòwò máa ń ní kí a gbé kámẹ́rà sí kọ̀rọ̀ tó ga jù kí ó lè rí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí nǹkan bá wá sọnù, àtàrí àti fìlà nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹ ya kámẹ́rà kan sọ́tọ̀ fún ẹnu ọ̀nà, kí ó wà nínú ilé, kí ó dojú kọ ẹni tó ń wọlé, kí ó má sì ga ju nǹkan bíi mítà 2.5 lọ. Bí oòrùn bá ń ràn láti ẹ̀yìn ẹni náà, ojú rẹ̀ yóò dúdú bí òjìji. Ẹ béèrè fún kámẹ́rà tó ní WDR, èyí tó ń mú ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn hàn pọ̀. Awò 4 mm ni mo máa ń yàn fún ẹnu ọ̀nà, torí pé ó ń mú ojú sún mọ́ni, 2.8 mm, tó ń rí ibi tó fẹ̀ jù ú lọ, ni mo ń fi sí àárín ṣọ́ọ̀bù.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́: olè lè jẹ́ ẹni inú ilé, nítorí náà kámẹ́rà kejì gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ ẹni tó ń gba owó àti dúrọ́ọ̀ tó ń kó o sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wo ibi tí oníbàárà ti ń tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sórí POS. Bí ẹ bá fẹ́ fi òmíràn sí ìta, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ IP66 sí lára nítorí òjò, àti IK10 nítorí ẹni tó lè fi igi lù ú.

Ẹnì kan tó ń ta oògùn ké sí mi nígbà kan pé kámẹ́rà òun ti bàjẹ́: ọ̀sán ló ń rí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, funfun báláú bí ìkùukùu ni gbogbo àwòrán rẹ̀. Mo gun àkàbà, mo sì bá ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìdérí náà láti ilé iṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i, àmì ìka ọwọ́ ẹni tó so ó sì kún orí rẹ̀. Kámẹ́rà kò bàjẹ́ rárá. Iná infrared tó fi ń ríran lóru, tí ojú wa kò lè rí, ló ń kọlu ìdọ̀tí náà tó sì ń padà sínú awò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ìdérí. Aṣọ rírọ̀ tó ní omi díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì máa gbá òwú aláǹtakùn kúrò lára ti ìta.

Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ káńtà, nítorí olè tó bá gbé e lọ ti gbé ẹ̀rí lọ nìyẹn. Inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ àti ihò afẹ́fẹ́, nínú yàrá mìíràn, ló yẹ ẹ́. Kámẹ́rà 1080p (ìyẹn ìwọ̀n bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ kedere sí) kan tó ń lo 2 Mbps (ìyẹn bí ó ṣe ń yára fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ) yóò gba àyè bíi 22 GB lójúmọ́. Hard disk, ibi tí ẹ̀rọ ń kó àwòrán pamọ́ sí, tó jẹ́ 1 TB (1,000 GB) yóò kún láàárín ọjọ́ 12 fún kámẹ́rà mẹ́rin, ẹ̀rọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó pẹ́ jù rẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ìparí oṣù ló ń ka ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ra 4 TB. Ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ ínfátà, torí pé ìgbà tí iná ọba bá lọ ni òkùnkùn ń bo olè, kí ẹ sì pa pásíwọ́ọ̀dù tó bá ẹ̀rọ wá dà lọ́jọ́ náà gan-an.

Òfin Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 ka àwòrán ènìyàn mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé kámẹ́rà wà níbí, kí ẹ má sì gbé kámẹ́rà sí ilé ìtọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń dán aṣọ wò. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 nínú Evidence Act ti ọdún 2011 ló ń sọ bí ẹ̀rí inú kọ̀ǹpútà ṣe lè wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ da àwòrán náà sínú fláàṣì sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó dà á, kí ẹ sì rí i pé aago ẹ̀rọ náà tọ̀nà.

Kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó oníṣẹ́, ẹ pa iná ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, kí ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ yín kan rìn wọlé bí oníbàárà. Ẹ wá pe ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ fi àwòrán náà hàn án, kí ó sọ fún yín ẹni tó jẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ ní kí oníṣẹ́ tún àkàbà gùn.