Òkè Lisbon kò mọ ọ̀rẹ́: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ fún ẹni méjì tó ń fẹsẹ̀ rin ìlú náà

Lórí máàpù fóònù, láti Rossio, gbàgede àárín Lisbon, dé Castelo de São Jorge, ilé olódi àtijọ́ ìlú náà, kò jìnnà rárá. Ẹ ó rò pé ẹ ó ti débẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí máàpù kò sọ ni pé òkè ni ọ̀nà yẹn, àtẹ̀gùn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní orí òkè méje ni wọ́n tẹ Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàl, dó sí. Ẹni tó bá ti gbé báàgì ẹ̀yìn gun mẹ́ta nínú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan á ní wọ́n ka òkè náà kù ni.

Orí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ àtọ̀rẹ́ ti máa ń fa ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ti ṣáájú, ó ń wẹ̀yìn; èkejì fara ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ilé ni wọ́n ti di ìjà náà mọ́ ẹrù wá.

Ẹ wo ẹrù yẹn náà. Kí ni ẹni méjì tó jọ ń sùn nínú yàrá kan fẹ́ fi ike ìpara méjì, agboòrùn méjì àti ọṣẹ méjì ṣe? Ẹ pe ara yín kí ẹ tó dì í, kí ẹ pín in: ẹnì kan gbé ọṣẹ àti ìpara, ẹnì kejì gbé ṣájà àti oògùn. Bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lẹ fẹ́ lò, báàgì tó lè wọ abẹ́ àga ọkọ̀ òfuurufú ti tó. Àwọn ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń wọn báàgì lẹ́nu géètì, owó tí wọ́n sì ń gbà lórí èyí tó bá tóbi jù lè ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹlòmíràn á ní òun kò lè gbé nǹkan kọ́ ẹ̀yìn, báàgì onítáyà lòun máa wọ́. Kó má dán an wò ní Alfama, adúgbò àtijọ́ ìlú náà. Ilẹ̀ ìlú yìí, calçada ni wọ́n ń pè é: òkúta ẹfun tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi òòlù tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun ló pọ̀ jù, wọ́n á wá fi dúdú ya iṣẹ́ ọnà sí i. Táyà báàgì á máa kó sáàárín wọn, á máa ké, àwọn ìyá àgbà á sì máa yọjú lójú fèrèsé láti mọ ẹni tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ti fọ òkúta náà títí tó fi ń dán. Bí òjò wínníwínní bá kàn án, ó ń yọ̀ ju ọbẹ̀ ilá lọ. Sálúbàtà kò sí fún un, bàtà tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ kò sí fún un. Kánfáàsì tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín, tí ẹ ti wọ̀ nílé títí tó fi mọ ẹsẹ̀ yín, ni kí ẹ wọ̀ lọ. Bàtà tuntun á bó yín ní gìgísẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ọkọ̀ òfuurufú yín bá balẹ̀ láàárọ̀, ẹ rántí pé ọ̀sán ni họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń fúnni ní yàrá. Ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbé ẹrù kalẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í kọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, àpótí oníkọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń háyà wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Oriente àti Santa Apolónia. Métírò ti dé ẹnu pápákọ̀ òfuurufú láti 2012, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí onítakisí kankan fi ojú àlejò wò yín.

Ní ti òkè fúnra rẹ̀, àṣìṣe tó ń rẹni jù ni kéèyàn máa gùn kó sì máa sọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, torí pé ibi tó bá ṣáà ti wù ú lójú máàpù ló ń lọ. Ẹ fi òkè pín ọjọ́ yín: ọjọ́ kan fún Alfama àti Graça, ọjọ́ kejì fún Chiado àti Bairro Alto. Baixa ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà láàárín wọn. Òpópónà ibẹ̀ tọ́ gbọnrangandan nítorí pé ilẹ̀ tó mì tìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1755 wó o palẹ̀, Marquês de Pombal, mínísítà ọba ìgbà náà, sì ní kí wọ́n tún un là. Alfama kò wó tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi ṣì rí kọ́rọkọ̀rọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀ ni pé èèyàn lè fi ẹ̀rọ gun àwọn òkè yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Rua dos Fanqueiros, ilé kan wà tí ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú rẹ̀. Rua da Madalena lẹ ó jáde sí. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀rọ kejì ní Chão do Loureiro tí yóò gbé yín sún mọ́ ìdí Castelo náà. Kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ti Baixa lọ sí Chiado, ẹ gba ẹnu ọ̀nà métírò Baixa-Chiado tó wà ní Rua do Crucifixo wọlé, ẹ má kọjá géètì, ẹ ṣáà máa bá àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ lọ. Nítòsí ère akéwì Fernando Pessoa, níwájú ilé kọfí A Brasileira, lẹ ó yọ sí, láìlàágùn.

Ẹ má gbára lé ìwé atọ́nà àtijọ́ tó ní kí ẹ wọ Elevador da Glória, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gun òkè lọ sí Bairro Alto. Láti 1885 ni ọkọ̀ náà ti ń fi okùn irin gun òkè. Ó já ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án 2025, èèyàn 16 ló kú.

Tíráàmù 28, ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí àwọn àlejò fẹ́ràn, ńkọ́? Èmi kò rí ìdí tí ẹni tó wá fẹsẹ̀ rin ìlú fi máa tò fún un ní Martim Moniz títí oòrùn á fi kan orí rẹ̀. Ẹ ó wọ̀ ọ́ tán, ẹ ó dúró, orí ẹlòmíràn á wà lójú fèrèsé tí ẹ fẹ́ wò. Àwọn jáwójáwó náà á wà níbẹ̀, torí ibi tí èrò bá há sí ni ọjà wọn. Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀lé ojú irin rẹ̀ ní kùtùkùtù, láti Graça sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Sé. Bí ẹ bá ní dandan ni kí ẹ wọ̀ ọ́, ẹ gbé báàgì yín sí àyà.

Nínú eré àtirí gbogbo nǹkan, àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá Largo de São Domingos, lẹ́bàá Rossio. Ibẹ̀ ni àwọn ará Guinea-Bissau ti máa ń pàdé, tí àwọn ìyá ti ń ta obì àti ẹ̀pà. Òkúta ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa ní 1506 wà ní gbàgede yẹn kan náà, òpó inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ṣì ní àpá iná tó jó o ní 1959. Lójú tèmi, ó ju wákàtí kan lórí ìlà tíráàmù lọ.

Adúgbò Belém, bíi kìlómítà mẹ́fà ni láti Praça do Comércio, gbàgede ńlá etí odò ní Baixa. Etí odò ni, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ó dùn ún rìn, pàápàá nígbà tí ẹ bá dé abẹ́ afárá 25 de Abril tí ẹ ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń hùn lókè orí yín. Ẹ rìn ín lọ, ẹ má rìn ín bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Cais do Sodré kì í lò tó ìdámẹ́rin wákàtí. Kó má sì jẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, torí Mosteiro dos Jerónimos, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń lọ wò níbẹ̀, máa ń wà ní títì lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá jókòó jẹun, agbáwo á gbé búrẹ́dì, ólífì àti bọ́tà wá láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Ọ̀fẹ́ kọ́. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn lẹ ó sanwó rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ní kí ó gbé e padà, kò ní bínú. Oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n bá kọ prato do dia (oúnjẹ òòjọ́) sí lára pátákó ló máa ń rọjú jù.

Owó ló wá kù, òun gan-an ló sì ń ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju òkè lọ. Ẹ dá owó jọ sínú àpò kan fún oúnjẹ àti ọkọ̀, kí ẹnì kan má baà máa ka owó kọfí síra lọ́kàn. Ẹ fi owó orí àlejò kún un: yúrò mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kan, ó sì lè má sí nínú iye tí ẹ san lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ATM bá bi yín bóyá owó ilé yín, bíi pọ́n-ùn, ni kí òun fi ṣírò, ẹ mú yúrò.

Bí ìwé ìrìnnà yín kò bá jọra, ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ní ti ìlú ọba kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kékeré. Ẹni tó ní ti Nàìjíríà nílò físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ìbáà jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Ọ̀kan lè rí i gbà kí èkejì má rí i gbà, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kò ṣeé rà kó tó jáde. Ẹ má sì kó tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin méjèèjì sínú fóònù ẹnì kan: bí iná rẹ̀ bá kú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ dúró síta.

Ní Rua Augusta, àwọn kan á sún mọ́ yín, wọ́n á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn ní igbó. Ewé gbígbẹ lásán ni wọ́n sábà máa ń tà. Àwọn kan ti gbọ́ pé Pọ́túgàl kò fi ẹni tó bá ń lò ó sẹ́wọ̀n mọ́ láti 2001, wọ́n wá rò pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Títà rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ mi orí, ẹ máa bá tiyín lọ, ẹ má dúró bá wọn ṣàríyànjiyàn.

Bí ẹ bá sì rí Lagos lára bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Sete Rios, Èkó kọ́. Ìlú etí òkun kan ní gúúsù Pọ́túgàl ni, ó sì jìn ju ohun tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ.