Wàrà tó ń bu àti oúnjẹ màlúù tó ti bu: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wàrà ni mò ń tà níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, màá rí nǹkan funfun bí òwú lára àwọn tó yọrí jáde nínú omi. Ṣé kí n gé ibẹ̀ kúrò kí n din ìyókù?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e, ẹ dà á nù ni. Wàrà rọ̀, omi pọ̀ nínú ẹ̀, ohun tó bu yẹn á ti wọlé kọjá ibi tójú rí, òmíì nínú wọn sì máa ń tu májèlé sílẹ̀ tí òróró gbígbóná ò ní lè mú kúrò. Mo mọ̀ pé owó ló ń lọ yẹn, ó sì dùn mí fún yín. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wàrà rì pátápátá sínú omi ẹ̀, kẹ́ ẹ máa tún un sè láràárọ̀, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ike kó gbẹ kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ má sì da omi wàrà àná mọ́ tòní.

Ìbéèrè: Ṣebí a máa ń se mílíìkì yẹn títí á fi hó ká tó fi ewé bọmubọmu sí i? Ṣé híhó yẹn ò ti pa gbogbo ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Híhó dáa gan-an, òun ló ń pa kòkòrò ikọ́ ife àti ti brucellosis (àrùn ibà tó máa ń ti ara màlúù ran èèyàn) tó lè wà nínú mílíìkì, ẹ má jáwọ́ níbẹ̀ láé. Àmọ́ májèlé kan wà tó ń jẹ́ aflatoxin, ohun tó ń bu lára àgbàdo àti ẹ̀pà ló ń ṣe é, màlúù á jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ á yí i padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní M1, á sì gba inú ọmú jáde. Sísè ò ràn án, kíkan ò mú un kúrò tán, ó tún wá burú pé ara ibi tó ń dì di wàrà ló máa ń dì mọ́ jù, torí náà kílò wàrà kan á ní i ju kílò mílíìkì kan lọ.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo ń sin màlúù lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Òjò pa GNC (ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀) àti dúsà (èèrí ọkà) mi, ó ti bu díẹ̀, oúnjẹ ẹran sì wọ́n. Ṣé mo lè pò ó mọ́ èyí tó dáa?

Ìdáhùn: Rárá o, arákùnrin! Bẹ́ ẹ bá pò ó, ẹ ti ba èyí tó dáa náà jẹ́ nìyẹn. Ẹ dáwọ́ ẹ̀ dúró lónìí, torí láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni májèlé yẹn ti ń hàn nínú mílíìkì. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé bí màlúù bá padà sórí oúnjẹ tó mọ́, ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ má ta mílíìkì àárín ìgbà yẹn fáwọn èèyàn. Ẹ sá àgbàdo dáadáa kí omi ara ẹ̀ wà nísàlẹ̀ 13 nínú 100, ti ẹ̀pà ò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí 7 lọ, orí pákó ni kẹ́ ẹ to àpò sí, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Fáwọn tó ń gbin àgbàdo fúnra wọn, Aflasafe, ohun tó ń dín aflatoxin kù, tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn n'Íbàdàn, ṣe wà, oko ni wọ́n ń fọ́n ọn sí kí wọ́n tó kórè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi fẹ́ràn wàrà. Ṣé kí n dá a dúró ni?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró, màámi, èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà wà níbẹ̀. Aflatoxin máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, sì ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ewu ẹ̀ sì tún pọ̀ gan-an lára ẹni tó bá ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, torí náà ẹ rí i pé ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ lèyí tinú mílíìkì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bíi ti Kenya lọ́dún 2004 tí àgbàdo tó bu pa èèyàn 125. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú yín ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ló ń wọ̀n ọ́n. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń kó wàrà fún yín pé kí ni màlúù wọn ń jẹ lásìkò òjò, ibo ni wọ́n sì ń kó oúnjẹ ẹ̀ sí.